Gbohùngbohùn Kọ́: Pixies, TV on the Radio, àti Máàkì tí Mo Jẹ Ọmọ Kan

Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa nínú yín mọ̀ pé n kì í tètè gbà pé mo ṣàṣìṣe. Tòní yàtọ̀. Gbèsè kan wà lọ́rùn mi láti ọdún 2009, mo sì fẹ́ san án ní gbangba, torí pé gbangba náà ni mo ti jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò jò wọ yàrá tí mo kó ìwé sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ọ̀kan ni mo ti bá àwọn iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn tó ni wọ́n ò wá gbà. Ẹ rántí kọ́ọ̀sì tí mo ń kọ́ yín lórí ewì inú orin, tí mo máa ń ní kí olúkúlùkù yan olórin tó bá wù ú kó sì tú iṣẹ́ rẹ̀ palẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín máa ń yan Fẹlá, Ebenezer Obey tàbí Àyìnlá Ọmọwúrà. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, yan ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti Brooklyn ní Amẹ́ríkà, TV on the Radio lorúkọ wọn. Ojú ewé mẹ́sàn-án ló kọ. Mo fún un ní 48. Mo wá fi báírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Gbohùngbohùn lásán ni àwọn wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ohùn. Lọ gbọ́ Pixies." Àní mo tún kà á sókè nínú kíláàsì, ẹ sì rẹ́rìn-ín.

Mo jókòó lé páálí, mo tún iṣẹ́ náà kà. Ọmọ náà ti gbọ́ Pixies. Ojú ewé kejì ló ti dárúkọ wọn. Èmi ni mi ò kàwé.

Kí ẹni tí kò mọ orin yìí má baà sọnù sọ́nà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Alternative rock ni orúkọ tí wọ́n fún orin àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí láàárín ọjà ńlá ní àwọn ọdún 1980. Ilé iṣẹ́ kéékèèké ló sábà ń gbé àwo wọn jáde, rédíò inú ọgbà yunifásítì ló ń gbé e sáfẹ́fẹ́, gbọ̀ngàn kótópó ni wọ́n ti ń ṣeré. R.E.M. wà ní Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, Sonic Youth wà ní New York, The Smiths wà ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìró wọn ò jọra. Orúkọ yẹn kò sọ bí orin ṣe ń dún, ibi tí olórin dúró sí ló sọ.

Boston ni èmi ti bá a pàdé, lọ́dún 1988. Mo ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, òtútù ń pa mí, rédíò kékeré kan sì ni ẹnìkejì mi nínú yàrá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé orin kan sí i. Gìtá béèsì ń rìn lọ jẹ́jẹ́, ìlù ń tẹ̀ lé e, obìnrin kan ń kọrin bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oorun ti ń gbé mi lọ. Àfi gbàù! Gbogbo gìtá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. "Gigantic" ni orin náà, láti inú àwo Surfer Rosa tí Pixies ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Nínú ìlú Boston yẹn gan-an ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1986, èmi ni mi ò tíì mọ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé, ṣíṣe rẹ̀ ló le. Wọ́n á kọ́kọ́ kó ẹrù kúrò nílẹ̀. Joey Santiago á gbọ́wọ́ kúrò lára gìtá, yóò wá ku béèsì Kim Deal àti ìlù David Lovering, Black Francis á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí èèyàn. Bí ara bá ti mọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí tán, ìgbà náà ni wọ́n á kó ariwo dé. Ẹ bi onídùndún léèrè, á sọ fún yín: ibi tí ìlù ti dákẹ́ ló ń jẹ́ kí ibi tó ti sọ̀rọ̀ wọni lára. Ẹni tó bá ń pariwo látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá yá, a ò ní gbọ́ ọ mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, Nirvana, ẹgbẹ́ kan láti Aberdeen ní ìpínlẹ̀ Washington, gbé Nevermind jáde. Orin tó ṣáájú nínú àwo náà ni "Smells Like Teen Spirit". Gbogbo ayé gbọ́ ọ. Ẹ tún un gbọ́ lónìí: gìtá tó kù sórí ohùn méjì péré, béèsì àti ìlù tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí gbogbo rẹ̀ bú jáde. Ọ̀nà Pixies ni. Kurt Cobain kò sì fi pamọ́. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ìwé ìròyìn Rolling Stone tẹ̀ jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Pixies lòun ń gbìyànjú láti jí wò. Oṣù kẹrin ọdún náà ló kú, ọmọ ọdún 27.

Ibí yìí lẹjọ́ ti kàn mí. Ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun jí iṣẹ́ wò, mi ò pè é ní gbohùngbohùn rí. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ yín pé ọmọ tó gba ogún, tó sì fi tiẹ̀ kún un, ni Nirvana. Ẹgbẹ́ míì tún wá gba ogún kan náà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo ní ìró lásán ni. Kí ló fà á? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìdí kankan tó jẹ mọ́ orin. Nígbà tí Nirvana dé, mo ṣì ń rìn káàkiri lálẹ́ láti lọ gbọ́ olórin nínú gbọ̀ngàn. Nígbà tí TV on the Radio fi máa dé, mo ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì ti pinnu ohun tó dára. Etí mi ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi.

Ẹ ó rántí òwe tí mo máa ń fi pa yín lẹ́nu mọ́: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo fẹ́ràn òwe náà púpọ̀. Ohun tí mi ò rò nígbà náà ni pé àgbà tó di àkísà mú, tí kò jẹ́ kí ọmọ fi rán nǹkan, kò ṣọ́ ogún o, ó ń jẹ́ kí kòkòrò jẹ ogún ni.

Ó yá, kí ni ọmọ náà gbọ́ tí èmi ò gbọ́?

Tunde Adebimpe àti David Sitek ló bẹ̀rẹ̀ TV on the Radio ní Brooklyn ní 2001. Kyp Malone, Jaleel Bunton àti Gerard Smith dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Nínú àwo kékeré wọn kan, Young Liars, tó jáde ní 2003, wọ́n mú "Mr. Grieves", orin Pixies láti inú Doolittle tọdún 1989, wọ́n sì tún un kọ. Ẹ wò ó, ẹni tó fẹ́ sín Pixies jẹ, gìtá ló máa kọ́kọ́ wá. Wọ́n yọ gìtá kúrò. Wọ́n yọ béèsì, wọ́n yọ ìlù. Ohùn èèyàn nìkan ló kù, Adebimpe to ohùn ara rẹ̀ lé ara wọn bí ẹgbẹ́ akọrin tó dúró sí kọ̀rọ̀ òpópónà. Ọmọ náà kọ ọ́ sójú ewé kẹta pé: "Wọ́n tú òrùlé, wọ́n tú ògiri, láti wò ó bóyá ilé ṣì wà níbẹ̀." Gbólóhùn yìí, èmi tí mo fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ lámèyítọ́, ìbá wù mí kí n jẹ́ ẹni tó kọ ọ́. Báírò pupa mi fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní: "Ṣàlàyé."

Ó sì ṣàlàyé lóòótọ́, níwájú níbẹ̀, ní ìgbà tó dé orí Return to Cookie Mountain tọdún 2006. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ àti ariwo ni Pixies fi ń ṣe ṣáájú àti lẹ́yìn, èyí á lọ tán kí èkejì tó dé. TV on the Radio kó àwọn méjèèjì lé ara wọn lórí. Ariwo gìtá Sitek á tẹ́ sílẹ̀ bí èéfín oko tí wọ́n ń sun, ohùn Adebimpe àti ohùn tín-ín-rín Malone á sì máa rìn kọjá láàárín èéfín náà láìpariwo. Ẹ gbọ́ "Wolf Like Me" láti mọ̀ pé wọ́n mọ ọ̀nà àtijọ́ náà dáadáa: orin náà ń sáré bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó dé àárín ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra, bí ẹni tó dúró mí, kó tó tún gbéra. Pixies ń rọra kí wọ́n tó bú. Àwọn wọ̀nyí ti bú tipẹ́ kí wọ́n tó rọra. Wọ́n yí i po. Ṣé gbohùngbohùn a máa yí ọ̀rọ̀ po? Ohun tó o bá sọ ló máa dá padà fún ọ. David Bowie pàápàá, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn àgbà, bá wọn gberin nínú orin kan tó ń jẹ́ "Province" nínú àwo yẹn. Bowie ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó bí Sonic Youth, kò sì pa etí tirẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n tún jẹ́wọ́ ohun kan tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹ gbọ́ orúkọ olórin náà: Adébímpé. St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri ni wọ́n bí i sí ní 1975, ọmọ Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ tí mo rí orúkọ náà lójú ewé àkọ́kọ́, mo ní nínú ọkàn mi pé, àáhàá, ọmọ yìí ń gbé ti wa lárugẹ ni, kì í ṣe orin ló ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mẹ́nu ba ìdílé ọkùnrin náà nínú ojú ewé mẹ́sàn-án. Kò ní Yorùbá ló wà nínú ohùn rẹ̀. Kò wá oríkì kiri níbi tí kò sí. Èmi tí mo fẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà kàn án ni mo rí ẹ̀yà nínú ọ̀rọ̀ náà. A ti ṣèyí fún ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà lókè òkun: bí wọ́n bá ṣe nǹkan tó dára, a ó ní tiwa ni, bí ẹnì kan nínú wa bá wá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó ní ó ń ṣègbè.

Ṣé gbohùngbohùn ò wá sí rárá ni? Ó wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ, ẹ má bínú sí mi. Pixies tú ká ní 1993, wọ́n tún ara wọn kó jọ ní 2004. Kim Deal kúrò níbẹ̀ ní 2013. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Indie Cindy jáde. Ọ̀nà kan náà ló wà níbẹ̀, rọra, bú, rọra, bú, ṣùgbọ́n mo ti mọ ìgbà tí ariwo ń bọ̀ kó tó dé, bí ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ tó ti gbọ́ rí. Àwọn tó dá ọ̀nà náà sílẹ̀ ni wọ́n wá di ẹni tó ń sín ara wọn jẹ. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Àwọn olólùfẹ́ kan gbà pé bí a bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin, a ò gbọdọ̀ sọ èyí. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo àwo ẹni tí mo fẹ́ràn bá dọ́gba létí mi, a jẹ́ pé mi ò gbọ́ ìkankan nínú wọn.

Ogún tí mo ń sọ yìí kì í sì í ṣe ti ìró nìkan. Steve Albini ló gbohùn Surfer Rosa sílẹ̀. Òun náà ni Nirvana lọ bá fún In Utero tọdún 1993. Nínú lẹ́tà tó kọ sí wọn ṣáájú iṣẹ́ náà, ó ní òun ò ní gba owó orí àwo tí wọ́n bá tà. Kí wọ́n sanwó fóun bí wọ́n ṣe ń sanwó fún púlọ́ńbà, kóun ṣiṣẹ́, kóun gba owó iṣẹ́, kóun máa lọ. Púlọ́ńbà kì í padà wá gba owó omi. Nígbà tó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, orin díẹ̀ tó bá Kim Deal gbà sílẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n sì jáde nínú Nobody Loves You More ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Obìnrin tó jí mi lójú oorun ní Boston ni. Kò pariwo mọ́. Gìtá rẹ̀ rọ̀, fèrè àti gòjé wọlé, kò sì sí ibi tó ti sín ara rẹ̀ jẹ. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn ọmọ tuntun náà ńkọ́? Ọ̀kan péré ni mo máa mú, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù. Fontaines D.C. jẹ́ ẹgbẹ́ láti Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland. Orin àkọ́kọ́ nínú àwo wọn tọdún 2022, Skinty Fia, ní àkọlé lédè Irish: "In ár gCroíthe go deo", ìyẹn ni pé nínú ọkàn wa títí láé. Ìtàn gidi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ireland kú sí Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kọ gbólóhùn yìí sórí òkúta ibojì rẹ̀. Ní 2020, adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọ Áńgílíkà ní wọn ò gbọdọ̀ kọ ọ́ láìfi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i, kí àwọn èèyàn má baà rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹbí náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì jàre ní 2021.

Ẹ ro ohun tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ìbá fi irú ìtàn yìí ṣe. Igbe ni mo retí. Wọn ò kígbe. Ohùn akọrin ń tún gbólóhùn náà sọ, ó ń tún un sọ, béèsì ń rìn lábẹ́ rẹ̀, Grian Chatten ń kọrin bí ẹni tó ń ṣàìsùn òkú, ìlù sì ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kún gbogbo ilé. Kò sí gbàù kankan. Ìdákẹ́jẹ́ tí Pixies ń lò láti múni sílẹ̀ de ariwo, àwọn ọmọ yìí sọ ọ́ di ohun tí kò gbà láti kúrò nílẹ̀. Èdè tí wọ́n ní kó wá ògbufọ̀ kó tó lè sin òkú ló di ohun tó gbé orin náà ró. Àwa tí ọmọ wa ń gbé ní London àti Manchester, a mọ ohun tí èyí jẹ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ní gbogbo iṣẹ́ wọn ló dá mi lọ́rùn o. Nínú Romance, àwo wọn tọdún 2024, "Starburster" mú mi: Chatten ní jìnnìjìnnì tó bá òun ní ibùdókọ̀ ojú irin St Pancras ní London ló bí i, ó sì sọ mímí gúlegúle ọjọ́ náà di ara ìlù orin. Ṣùgbọ́n àwọn orin kan nínú àwo yẹn ti dán jù, bí bàtà tí wọ́n fi ìpara kùn tí kò tíì rìn lójú ọ̀nà rí. Ìbéèrè tí mo ń bi wọn kò yàtọ̀ sí èyí tí mo bi Pixies lórí Indie Cindy: kí lẹ fi ogún náà ṣe? Ìbéèrè kan náà ló yẹ kí n bi TV on the Radio ní 2009. Mi ò bi wọ́n. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni mo wò, mo sì ti dájọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Adebimpe gbé àwo àdáṣe tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Thee Black Boltz. Sub Pop ní Seattle ló gbé e jáde, ilé iṣẹ́ kan náà tó gbé Bleach, àwo àkọ́kọ́ Nirvana, jáde ní 1989. Bí ọmọ náà bá rí i, ó ti mọ ohun tó máa kọ.

Ọmọ mi, mi ò ní dárúkọ rẹ níbí, o mọ ara rẹ. Mi ò mọ ohun tí 48 yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí wọ́n ń ṣírò oyè yín. Mo rántí pé o ò tún jókòó nínú kíláàsì mi mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, àti pé èmi ò béèrè ìdí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìwọ nìkan lo gbọ́n nínú àwa méjèèjì. Mo ti tún iṣẹ́ náà máàkì. 68 ni. Kò dé 70 torí pé o pe David Sitek ní onílù lójú ewé kẹrin, onígìtá ni. Iṣẹ́ rẹ wà lórí tábìlì mi, ó ti gbẹ. Wá gbà á.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ bá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ àṣetiléwá tiyín nìyí. Ẹ gbọ́ "Mr. Grieves" ti Pixies, kí ẹ wá gbọ́ ti TV on the Radio tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe nǹkan míì tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ.